ỌJỌ́ IKÚ ERIN: ÌTÀN ÒKÚ JUMBO ÀTI OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ỌGBÀ ẸRANKO FI ÒKÚ ẸRANKO ŃLÁ ṢE

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣìíríṣìí ọ̀bẹ. Inú igbó ọdẹ ni òwe yìí ti wá, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀ràn ọgbà ẹranko mu gidigidi. Nígbà tí erin, àgùnfọn tàbí ìnàkí bá kú sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀, oníṣòwò, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti oníwèé ìròyìn a máa mú ọ̀bẹ tirẹ̀ wá. Ìbéèrè tí ó wá jẹ yọ ni pé: ta ni ó ni òkú náà, kí sì ni ó yẹ kí a fi ṣe? Ìtàn Jumbo, erin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ni iṣẹ́ yìí fi wá ìdáhùn. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ni pé apá òkú tí wọ́n lò fún ìpolówó ṣègbé, ṣùgbọ́n apá tí wọ́n fi pamọ́ fún ìwádìí ni ó padà wá jẹ́rìí sí ohun tí ojú ẹranko náà rí.

2. Ayé Jumbo àti ikú rẹ̀

Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti mú Jumbo nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ erin. Wọ́n gbé e lọ sí ọgbà Jardin des Plantes ní Paris, kí ó tó dé ọgbà ẹranko London ní 1865. Níbẹ̀ ni Matthew Scott ti di olùtọ́jú rẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ kiri. Lọ́sàn-án, ẹranko tútù ni. Lóru, a máa fi eyín kọ lu ògiri ilé rẹ̀ títí eyín náà fi ń kán. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn aláṣẹ ọgbà náà. Ní 1882, wọ́n tà á ní 2,000 pọ́n-ùn fún P. T. Barnum, ará Amẹ́ríkà tí ó ní ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri. Inú bí ọ̀pọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọdé tilẹ̀ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Ọbabìnrin Victoria, ṣùgbọ́n pàbó ni ó já sí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1885, ní St. Thomas, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kọ lu Jumbo, ó sì kú. Barnum sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé ibi tí Jumbo ti ń gba erin kékeré kan tí ń jẹ́ Tom Thumb là ni ó ti kú ikú akọni. Ìtàn ìpolówó ni èyí, ó sì tà dáadáa.

3. Bí wọ́n ṣe pín òkú náà

Kí Jumbo tó kú rárá ni Barnum ti bá Henry Ward ti ìlú Rochester ṣe àdéhùn lórí òkú rẹ̀. Ward àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, tí Carl Akeley wà lára wọn, ya awọ sọ́tọ̀, wọ́n ya eegun sọ́tọ̀. Awọ nìkan wọn nǹkan bí 700 kílò. Eegun wọn ju 1,000 kílò lọ. Wọ́n fi awọ bo ère onígi, wọ́n sì nà án kí ó lè ga ju bí Jumbo ti ga láyé lọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Barnum fẹ́ ẹ. Ọkàn rẹ̀ lọ sí Yunifásítì Cornell. Bí Jumbo kan ṣe di méjì nìyẹn, ọ̀kan awọ, ọ̀kan eegun, tí àwọn méjèèjì sì ń bá ẹgbẹ́ òṣèré kiri ìlú. Barnum ra Alice, abo erin kan, láti London, ó sì pè é ní opó Jumbo.

Ní 1889, awọ lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tufts, eegun sì lọ sí mùsíọ́mù American Museum of Natural History ní New York. Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, iná jó ilé tí awọ náà wà ní Tufts. Ìgò ẹ̀pà lílọ̀ kan ni wọ́n bu eérú rẹ̀ sí. Ìrù rẹ̀, tí ó ti já kúrò tẹ́lẹ̀, ni ó yè.

4. Ẹ̀rí tí eegun jẹ́

Ní 2017, àwọn onímọ̀ yẹ eegun náà wò fún ètò tẹlifíṣọ̀n kan ti BBC. Jumbo kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ nígbà tí ó kú. Síbẹ̀, oríkèé ara rẹ̀ ti jẹ bí ti erin tí ó dàgbà jù ú lọ, nítorí ẹrù ènìyàn tí ó ti gbé lẹ́yìn. Eyín tí ó fi ń jẹun wọ́, nítorí pé oúnjẹ rírọ̀ ni wọ́n ń fún un dípò igi àti ewé líle tí í máa ń yún eyín erin bó ti yẹ. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí ó jẹ́ pé ìrora eyín wà nínú ohun tí ń mú un bínú lóru. Ọgbà London kò mọ èyí. Barnum kò sì wá a. Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí", ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó gun ẹ̀yìn Jumbo kò rí ìrora rẹ̀.

5. Àfiwé méjì

Kì í ṣe pé eegun kò lè ṣègbé. Chunee, erin tí wọ́n yìnbọn pa ní Exeter Change ní London ní 1826, ní eegun tí ó wà ní mùsíọ́mù àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ìlú náà títí bọ́ǹbù Jámánì fi bà á jẹ́ ní 1941. Ibi kan ṣoṣo ni ó wà, ibẹ̀ náà ni ó sì parí sí.

Ẹ̀wẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2014, ọgbà ẹranko Copenhagen pa Marius, ọ̀dọ́ àgùnfọn kan. Wọn kò fi abẹ́rẹ́ pa á, nítorí pé oògùn abẹ́rẹ́ yóò sọ ẹran rẹ̀ di májèlé fún ẹranko tí ó bá jẹ ẹ́. Wọ́n là á ní gbangba lójú àwọn òǹwòran tí ọmọdé wà lára wọn, wọ́n sì fi ẹran rẹ̀ bọ́ kìnnìún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kárí ayé bínú. Ẹni tí ó bá sọ pé kò yẹ kí wọ́n pa á rárá ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ṣùgbọ́n ní ti òkú rẹ̀, wọn kò pa irọ́ kankan mọ́ ọn.

6. Ìgúnlẹ̀

Ohun mẹ́ta ni ìtàn wọ̀nyí fi hàn. Èkíní, ó yẹ kí ọgbà ẹranko ti pinnu ẹni tí ó ni òkú kí ikú tó dé, kí ìpinnu náà má sì wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò fi òkú náà pa owó. Èkejì, kí wọ́n tó sin ín, kí wọ́n tó sun ún tàbí kí wọ́n tó fi bọ́ ẹranko mìíràn, ó yẹ kí wọ́n là á, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí aráyé rí i kà. Ẹ̀kẹta, ó yẹ kí eegun àti díẹ̀ nínú ẹran ara wà ní ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ.

Ọ̀bẹ tí Barnum mú wá ni ó dán jù lọ ní ọjọ́ ikú Jumbo, ṣùgbọ́n eérú inú ìgò ni ó kù nínú ìpín rẹ̀. Eegun tí ẹnikẹ́ni kò sanwó púpọ̀ láti wò mọ́ ni ó sọ ohun tí ìyà jíjẹ́ náà jẹ́, lẹ́yìn àádóje ọdún ó lé díẹ̀.