Ìka Tó Ń Ta: Irú Ọkàn Tí Àwọn Onígìtá Èkó Fi Bẹ̀rẹ̀

 

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin dá owó jọ, a ra gìtá tòkunbọ̀ kan ní Yábàá. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé kí oṣù náà tó parí, a ó ti máa ta orin King Sunny Adé níbi àríyá ẹ̀ka wa. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò tíì parí tí orí ìka wa fi ń ta wá bí ẹni tó fọwọ́ lọ ata. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, okùn kan já. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, gìtá ti di ohun tí à ń fi aṣọ kọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé bàbá ọ̀kan nínú wa rí àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú gìtá náà lórí WhatsApp, wọ́n sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé Yorùbá tí ò ń kà yẹn kò tó ni, tí o tún fẹ́ di alágbe?"

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ nípa èdè Yorùbá mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" À ń gbọ́ ọ nínú dáńfó, à ń gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, à ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí. Ohun tó wá ká wa lára ni pé kò sẹ́ni tó ní ìdáhùn nínú wa, yálà fún Yorùbá tàbí fún gìtá. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ wa láti máa ṣe nínú kíláàsì: a padà sínú ìtàn. A fẹ́ mọ irú ọkàn tí àwọn tó kọ́kọ́ ta gìtá ní Èkó fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a rí nìyí.

Àwọn atukọ̀ àti ìka méjì

Gìtá kì í ṣe ohun èlò orin ìbílẹ̀ wa. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Kru, tí ilẹ̀ wọn wà ní etíkun Làìbéríà, máa ń bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, wọ́n á sì máa lọ láti èbúté kan dé òmíràn. Àwọn ló tan ìtagìtá oníka méjì kálẹ̀. Àtàǹpàkò á máa ta àwọn okùn tó nípọn, tí ohùn wọn wà nísàlẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá á máa ta àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ohùn wọn wà lókè. Ìka méjì péré ni. Láti inú ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n ń kọ níbi tí wọ́n bá ti ń mu ẹmu ti jáde, láti Freetown títí dé Èkó. Ní 1928, àwọn ọmọ Góòlù Kóòsì tí wọ́n ń jẹ́ Kumasi Trio lọ gba orin "Yaa Amponsah" sílẹ̀ ní London, àwọn onígìtá sì ń ta irú orin náà kiri etíkun títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Ẹni tó fẹ́ kọ́ gìtá nígbà yẹn kò ní fídíò, kò sì ní ìwé. Yóò jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀. Tó bá fi mọ ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ni yóò máa ta títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n láìsí pé ojú ń wò ó. Àwa ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kọ́ọ̀dù mọ́kànlá la fẹ́ mọ̀. A kò mọ ọ̀kankan délẹ̀.

Ọmọ iléèwé tó kọ́ ọmọ iléèwé

Tunde King, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí baba orin jùjú, jẹ́ ọmọ Sàró tí wọ́n bí ní Èkó ní 1910. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní iléèwé ló kọ́ ọ ní gìtá. Ohun tó mú inú wa dùn nìyẹn: kì í ṣe ọ̀gá àgbà kan, ọmọ iléèwé bíi tirẹ̀ ni. Nígbà tó fi di 1929, ó ti ń kọrin káàkiri, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe lójúmọmọ, orin ló ń ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ní àdúgbò Olówógbowó, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń pàdé, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa ṣe fàájì. Ibẹ̀ ni orin tuntun ti ń jẹyọ díẹ̀díẹ̀. Ní 1936, wọ́n gba orin rẹ̀ sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ Parlophone.

Ẹ ka ọdún náà. Ó tó ọdún méje láti ìgbà tó ti ń kọrin káàkiri títí dé ìgbà tí àwo jáde. Àwa fẹ́ kí tiwa jáde láàárín oṣù kan.

Nígbà tí gìtá kò tíì ní ohùn

Ohun mìíràn tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé gìtá àwọn àgbà wọ̀nyí kò ní ẹ̀rọ. Bí ìlù bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ohun tí onígìtá ń ta. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, tó padà dé láti ìlú òyìnbó ní 1947, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi gìtá oníná han àwọn ará Èkó. Òun náà ló ni ilé ìtura Caban Bamboo ní òpópónà Ìkòròdú, níbi tí ijó ti máa ń gbóná. Ní 1949, Ayinde Bakare so máíkì mọ́ gìtá rẹ̀, ó sì gbé ohùn rẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni ààyè ti ṣí sílẹ̀ fún orin jùjú láti gba ìlù púpọ̀ mọ́ra, títí kan gángan, láìbo gìtá mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀ kò fara sin. Láti 1929 dé 1949, ogún ọdún gbáko ni. Ohùn kékeré ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́, ohùn kékeré náà ni wọ́n fi jẹun. Ọ̀kan nínú wa ti fẹ́ kí á yá owó ra ẹ̀rọ agbóhùnjáde, ó ní bí ohùn bá ròkè, àṣìṣe ò ní hàn. Irọ́ ni. Bí ohùn bá ròkè, àṣìṣe náà á ròkè ni.

Ìlù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé

Nígbà tí a wo àwọn tó di olókìkí lẹ́yìn ìyẹn, a rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí gìtá rárá. Fatai Rolling Dollar, tí wọ́n bí ní 1927, ta agídìgbo kó tó di ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ gìtá. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá sì mọ ohun tí àwọn àgbà wí: bí òwe bí òwe là á lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àtàǹpàkò ló ń ṣe iṣẹ́ nínú agídìgbo, nítorí náà nígbà tí ó bá kan gìtá, àtàǹpàkò ẹni bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1957, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ebenezer Obey ti kọ́ṣẹ́ kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Orlando Owoh náà wà lára àwọn tó tọ́ sọ́nà. Káfíńtà ni Orlando Owoh tẹ́lẹ̀, ìlù àti orin ló sì ń ṣe nínú ẹgbẹ́ eléré Kọ́lá Ògúnmọ́lá kó tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ó tó àsìkò kan tí òkìkí Fatai Rolling Dollar wọlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé rẹ̀. Kò ju gìtá nù. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kí àwọn ọ̀dọ́ tó tún máa jó sí orin rẹ̀ "Wọ́n Kéré sí Nọ́ńbà". Orí ìtàgé ló ṣì wà títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgbà tó kú ní 2013. Àwa tí a jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ojú tì wá nígbà tí a ka èyí.

A tún lọ sí Ìdí-Òrò ní Mushin, níbi tí Empire Hotel wà, tí Fẹlá sọ di Shrine rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ẹ gbọ́ orin rẹ̀ kan, kí ẹ fi etí sí gìtá nìkan. Nínú "Zombie" tó jáde ní 1976, tó ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ, gìtá kan wà tó ń ta gbólóhùn kúkúrú kan ní àtaàtúnta, tí kò yà sọ́tùn-ún, tí kò yà sósì. Tí ẹni yẹn bá ní ó ti sú òun, orin ti wó nìyẹn. Ohun kékeré tí kò yẹsẹ̀ ló gbé gbogbo fèrè yẹn dúró.

Ọmọ ọba tó ní òun ń lọ sí Yunifásítì Èkó

Ìtàn tó dùn mọ́ wa jù ni ti King Sunny Adé. Ìdílé ọba Oǹdó ló ti wá. Wọ́n bí i ní 1946. Nígbà tó fẹ́ wá ṣe orin ní Èkó, ó jẹ́ kí àwọn ará ilé rò pé Yunifásítì Èkó lòun ń lọ. Àwa tí a ń gbé ní Àkọkà rẹ́rìn-ín títí. A kò sọ pé kí ẹ purọ́ fún òbí o! Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọmọ ọba ni, kì í ṣe pé kò rí ohun jẹ. Ìbẹ̀rù orúkọ náà, "alágbe", ló jẹ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Fẹlá náà ńkọ́? Ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n rán an lọ kọ́ ní London ní 1958. Orin ló lọ kọ́.

Ìlù sámbà ni Sunny Adé kọ́kọ́ ń lù. Ó ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kó tó dá Green Spots sílẹ̀ ní 1967. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹ̀dà 13 péré ni wọ́n rà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló kọrin "Challenge Cup" fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ní 1982, àwo rẹ̀ "Juju Music" gbé e dé ibi tí kò sí onígìtá jùjú tó dé rí. Nígbà tó sì yá, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pè é wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àlejò. Ọmọ tó fi yunifásítì bojú ló padà wá di ẹni tí yunifásítì ń pè.

Ohun tí a mú bọ̀

Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ là á mọ oníṣẹ́, ó di ìparí. Ohun tó bà wá jẹ́ kì í ṣe ìka tó ń ta wá. Gbogbo onígìtá ni ìka ta kí awọ rẹ̀ tó le. Ohun tó bà wá jẹ́ ni pé ìyìn la kọ́kọ́ ń wá, a kò tíì wá iṣẹ́. Àwọn tí a kà nípa wọn yìí, iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n gbà láti jẹ́ ẹni kejì, láti lu sámbà lẹ́yìn ẹlòmíràn, láti ta ohun kan ṣoṣo lálaalẹ́.

Nítorí náà, a ti ra okùn tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kìíní, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan. Ẹni tí gìtá kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti máa pàtẹ́wọ́ sí orin náà, kí etí àti ara rẹ̀ lè mọ ìlù kí ọwọ́ tó mọ okùn. Bí ẹ bá wo èyí dáadáa, bí ó ṣe yẹ kí a kọ́ oríkì àti ẹsẹ Ifá náà nìyẹn: ẹ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ gbọ́, ẹ tún un sọ, ẹ má bínú pé ẹ̀ ń tún un sọ.

Ọ̀rẹ́ wa tí bàbá rẹ̀ bi ní ìbéèrè kò bá wọn jiyàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gba ohùn gìtá sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó fi ránṣẹ́ sí wọn, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ bá mi gbọ́ ọ." Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní: "Okùn kejì yẹn kò dún dáadáa. Tún un tò."

Wọn kò sọ pé kó máa bá a lọ. Wọn kò sì pè é ní alágbe. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé okùn kejì kò dún, ó ti fi etí sí i dé òpin. A ti tún un tò.