Èdè Tí Ọmọ Fi Ń Sunkún

Yorùbá a máa fi ìmọ̀lára sí ẹ̀yà ara. Inú ni í bí ni, ojú ni í tì ni, àyà ni í já. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì mọ orúkọ ohun tí ń ṣe é lè fọwọ́ lé àyà, ìyá rẹ̀ yóò sì wí fún un pé, “Àyà rẹ ló já.” Báyìí ni ọmọ ṣe ń kọ́ láti mọ inú ara rẹ̀. Ní Ìgbẹ́tì, ọmọ Fúlàní tí ó wà ní gáà ń fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, ó sì tún ń gbọ́ Yorùbá lọ́jà. Èdè méjèèjì kò bá ara wọn jà lẹ́nu rẹ̀.

Ilé-ìwé ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti ń na ọmọ nítorí pé ó sọ “fànákúlà”. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán ọ̀nà mìíràn wò ní ilé-ìwé St. Stephen's “A”, Modákẹ́kẹ́. Àṣà ìgbà náà ni pé kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí a sì yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin, gẹ́lẹ́ nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń béèrè ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn ti Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ìwé ní ọdún 1989: àwọn ọmọ wọ̀nyí tayọ àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Máàkì ni àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Ní tèmi, ohun tí ó jù ni pé fún ọdún mẹ́fà, ọmọ tí nǹkan kò yé lè sọ ọ́ jáde láìsí pé ojú ń tì í.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Mínísítà Tunji Alausa ní ibi tí èdè abínibí ti gbilẹ̀ jù ni ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò bíi WAEC. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní ọdún 2022 kò tíì jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ yìí, áḿbọ̀ǹtórí kí ó jókòó ṣe WAEC.