Ìbáṣepọ̀ Brítéènì àti Ìjọba Póòpù

Ìbáṣepọ̀ Brítéènì àti Ìjọba Póòpù ni àjọṣe òṣèlú tó wà láàárín ìjọba Brítéènì àti Póòpù, olórí Ìjọ Kátólíìkì, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Fátíkánì.

Ní ọdún 1534, lẹ́yìn tí Póòpù Clement Keje kọ̀ láti fagi lé ìgbéyàwó Ọba Henry Kẹjọ, òfin sọ ọba náà di olórí Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọbabìnrin Mary Kìíní tún àjọṣe náà ṣe ní 1554, ṣùgbọ́n ó tún bàjẹ́ lábẹ́ Elizabeth Kìíní, ẹni tí Póòpù Pius Karùn-ún yọ kúrò nínú ìjọ ní 1570. James Kejì, ọba tó jẹ́ Kátólíìkì, gbìyànjú láti mú un padà, ṣùgbọ́n wọ́n lé e kúrò lórí ìtẹ́ ní 1688.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló mú kí ìjọba Brítéènì rán Sir Henry Howard sí Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún ní 1914. Ní 1982 ni ìhà méjèèjì fi ìbáṣepọ̀ kíkún lélẹ̀. Ọdún náà ni Póòpù John Paul Kejì bẹ Brítéènì wò. Ní 2025, Ọba Charles Kẹta àti Póòpù Leo Kẹrìnlá jọ gbàdúrà ní gbangba ní Fátíkánì. Síbẹ̀, òfin ọdún 1701 tó ní ọmọ ìjọ Kátólíìkì kò gbọdọ̀ jọba ní Brítéènì ṣì múlẹ̀.