Ìwé Àṣẹ Àwọn Oníṣẹ́ Ìtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ àti Ìgbọ́ràn: Àpẹẹrẹ Festac Town

Nígbà tí àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC dé sí Festac Town ní 1977, ìgbìmọ̀ tí yóò máa forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti ìgbọ́ràn sílẹ̀ ní Nàìjíríà kò tíì sí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Florida ni ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ní 1969. Ọ̀nà mìíràn ni Nàìjíríà gbà. Òfin kejìdínlógójì tí ìjọba ológun ṣe ní 1988 dá ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tí ó kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn oníṣẹ́ físíòtẹ́rápì. Ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2006 fi àyẹ̀wò ilé ìwòsàn sí abẹ́ àjọ HEFAMAA.

Nítorí náà, ìwé méjì ni ó yẹ kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì fọhùn béèrè ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin: ti oníṣẹ́ àti ti ilé. Ọ̀kan kò lè dípò èkejì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ sísọ ṣòro fún ni ó ṣòro fún jù láti fi ẹjọ́ ayédèrú oníṣẹ́ sùn. Òfin ni agbẹnusọ rẹ̀.