Tọkọtaya Lọ Àbíjàn, Ọmọ Kù Sílé

Lóde òní, bí ìgbéyàwó tọkọtaya tó lówó lọ́wọ́ bá pé ọdún 10 tàbí ọdún 20, wọ́n a máa wọ bàálù lọ sí Dubai tàbí London láti lọ ṣe àyájọ́ rẹ̀. Wọn kì í mú ọmọ dání. Ìyá ìyàwó tàbí àbúrò ọkọ ni yóò wá bá wọn mójú tó ilé fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn yóò sì máa fi fọ́tò ránṣẹ́ kí gbogbo ẹbí lè rí i. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní agbègbè tiwa, láti Ara títí dé Èjìgbò àti àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká, kì í ṣe ohun tuntun pé kí ọkọ àti aya palẹ̀ ẹrù mọ́, kí wọ́n kọjá sí ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n sì fi ọmọ sílé. Àbíjàn ni wọ́n ń lọ. Wọn kì í sì í lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún ni.

Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn Èjìgbò àti Àbíjàn, ìtàn àwọn tó lọ ni wọ́n máa ń sọ, irú ọjà tí wọ́n tà àti irú ilé tí wọ́n kọ́. Èmi fẹ́ mọ ìdí tí wọn kò fi mú ọmọ lọ. Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni mo kọ́kọ́ bi, nítorí òun fúnra rẹ̀ lọ, ó sì fi ọmọ sílẹ̀.

Kí Àbíjàn tó gba iwájú, Gánà ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń lọ. Nígbà ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, owó orí ti dé, owó kò sì pọ̀ nínú oko, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá ń ru ọjà lórí lọ síbi tí kòkó àti wúrà ti ń mú owó wọlé. Bàbá àgbà mi wà lára àwọn tó kẹ́yìn nínú wọn. Kumasi ló ń gbé, ó ń ta aṣọ àti abọ́ tánganran. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó fi Gánà sílẹ̀. (Àwa náà lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 1983, ẹ má jẹ́ kí á gbàgbé ìyẹn.)

Bàbá àgbà kò tíì ní aya nígbà náà. Àpò kan ló gbé délé. Màmá ní ọjà tó pàdánù kọ́ ló máa ń sọ títí tó fi kú, àwọn tọkọtaya tó rí lẹ́bàá ọ̀nà ni. Wọ́n ti bí ọmọ mẹ́rin, márùn-ún sí Kumasi. Èdè Twi ni àwọn ọmọ náà gbọ́, wọn kò rí ilé bàbá wọn rí, wọ́n jókòó lórí ẹrù wọ́n ń sunkún, bàbá wọn ń bẹ dẹ́rẹ́bà. Nígbà tí wọ́n dé ìlú wọn, àlejò ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀. Bàbá àgbà sọ pé bí òun bá tún rìnrìn àjò, ọmọ òun kò ní bá òun lọ.

Ó tún rìnrìn àjò lóòótọ́. Ní àkókò yẹn, Àbíjàn ń gbèrú ju ìlú mìíràn lọ ní apá ibẹ̀ yẹn. Àwọn Faransé ti sọ ọ́ di olú-ìlú ní ọdún 1934. Ní ọdún 1950, wọ́n la ojú omi Vridi, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá sì ráyè ti inú òkun wọ inú ọ̀sà tó wà láàárín ìlú. Houphouët-Boigny, tó ṣe ààrẹ Côte d'Ivoire láti ọdún 1960 títí tó fi kú ní 1993, ṣí ilẹ̀kùn fún àjèjì láti wá ṣiṣẹ́ oko kòkó àti kọfí. Ọ̀pọ̀ Yorùbá kò lọ sí oko. Ọjà títà ni wọ́n mú, pàápàá ní àdúgbò Treichville. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ pọ̀ láàárín wọn débi pé, títí di òní, ẹni tó bá ná ọjà ní Èjìgbò lè gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tó ń tà á.

Ọdún 1974 ni Bàbá àgbà wá gbé Màmá níyàwó ní Ara. Ní 1975, wọ́n bí bàbá mi. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì, Màmá já a lẹ́nu ọmú, ó gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ sì wọkọ̀ ní ìdájí kí ọmọ tó jí. Wọ́n gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnù, Lomé àti Accra, wọ́n gba Elubo wọ Côte d'Ivoire. Bodè orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni wọ́n kọjá. Dàhòmì ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bẹ̀nẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 1975, ṣùgbọ́n Màmá ní Dàhòmì ni dẹ́rẹ́bà àwọn ṣì ń pè é. Wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975 kan náà, àmọ́ ọdún 1979 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé tó jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Àwọn tó ń rin ọ̀nà yẹn lónìí yóò sọ fún yín pé owó ṣì ń jáde lápò ní bodè bí ó ti ń jáde tẹ́lẹ̀.

Màmá kò lọ bí ẹrù ọkọ. Bàbá àgbà ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ kiri, ó ń kọ́ iye owó ní Faransé kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó gba ìsọ̀ tirẹ̀ lọ́jà. Àpò méjì ni wọ́n ń ná. Àpò ọkọ ra ilẹ̀ ní Ara, àpò aya ló fi òrùlé sí i, ó sì ń san owó ilé-ìwé. Bí ọkùnrin nìkan bá lọ, ó lè gbàgbé ilé. Mo rò pé nítorí tí obìnrin bá wọn lọ ni ilé ṣe pọ̀ tó báyìí ní agbègbè wa tó jẹ́ pé owó Àbíjàn ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Wọ́n tún bí ọmọ mẹ́ta sí Treichville. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti tó ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọn yóò fi lé dẹ́rẹ́bà tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé lọ́wọ́, ó di Ara.

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà léèrè, ilé-ìwé ni wọ́n á sọ pé ó fà á. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Olóyè Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ ní Àbíjàn, kí ni ọmọ tó kàwé Faransé fẹ́ ṣe ní Òṣogbo? Òmíràn ni pé inú yàrá kan ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń gbé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tẹ́tí sí Màmá, mo wá gbà pé 1969 ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ju ilé-ìwé lọ. Ẹni tí wọ́n lè lé nígbàkigbà kò ní fẹ́ kó gbogbo ohun tó ní sí ibi kan. Ọmọ tó wà ní Ara, òun ni wọ́n fi di ilé mú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà sì jẹ́ kó dà bí ẹni pé wọ́n gbọ́n. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó sẹ́fà kù sí ìdajì. Màmá ní òun sùn pẹ̀lú owó, òun jí pẹ̀lú ààbọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1999, àwọn ológun gba ìjọba. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wo àjèjì sì yí padà. Bàbá àgbà ti kú nígbà náà. Màmá fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá mi, tó ti lọ bá wọn lẹ́yìn tó jáde ìwé mẹ́wàá, ó sì padà wá sí Ara.

Èmi ni mo tẹ̀lé e. Treichville ni wọ́n bí mi sí ní 2008. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, Gbagbo kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀, ìjà dé ìgboro Àbíjàn, ó lé ní 3,000 ènìyàn tó kú kí wọ́n tó mú un ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2011. Bàbá àti ìyá mi gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sá wálé. Gbogbo wa wà ní Ara fún oṣù díẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, àwọn méjèèjì padà. Wọn kò mú wa. Mo bi bàbá mi lórí fóònù nígbà tí mò ń kọ ìwé yìí bóyá ó rántí ìdájí tí wọ́n fi òun náà sílẹ̀. Ó ní òun kéré jù láti rántí. Lẹ́yìn náà ló ní òun rántí ọdún tí Màmá kọ́kọ́ wálé wá wò wọ́n: òun sá sẹ́yìn ìyá àgbà, òun ń bèèrè ta ni obìnrin yìí.

Ìyá àgbà yẹn, ìyá Bàbá àgbà, kò fi ẹsẹ̀ kan Àbíjàn rí. Ọmọ mẹ́rin ló tọ́ fún àwọn tó wà níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba ohùn sí ni dẹ́rẹ́bà máa ń mú wá fún un, òun náà yóò sì sọ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ padà: ta ni ara rẹ̀ kò yá, ta ló ń ṣe dáadáa nílé-ìwé. Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó kọ́ ìlú wa, kò sí ẹni tó ń ka irú rẹ̀ mọ́ wọn. Ní tèmi, kò sí tọkọtaya tó lè ṣòwò ní Treichville fún ọgbọ̀n ọdún láìsí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nílé.

Ní báyìí, Ìlú Ọba ni àwọn ọ̀dọ́ ń wò. Ìjọba ibẹ̀ ṣòfin ní oṣù kẹta ọdún 2024 pé àwọn òṣìṣẹ́ tuntun tó ń bọ̀ wá tọ́jú arúgbó kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Àwọn tó lọ Àbíjàn, ó kéré tán, lọ ní méjì.

Ọdún 2024 yìí ni ìgbéyàwó bàbá àti ìyá mi pé ọdún 20. Wọn kò lọ Dubai. Ara ni wọ́n ń bọ̀ nígbà ọdún Ògìyán, bí ọ̀pọ̀ tọkọtaya Àbíjàn ti máa ń ṣe, láti jẹun pẹ̀lú ẹbí. Wọn yóò mú àbúrò mi tí wọ́n bí ní 2019 dání. Bàbá mi fẹ́ kí ó dúró, kí ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé níbí. Ìyá mi kò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní yunifásítì, èmi náà yóò ṣe WAEC lọ́dún tó ń bọ̀, orúnkún sì ń dun Màmá. Ó ní kí wọ́n má fi ti òun ṣe, ọmọ tí òun tọ́ tó. Wọn kò tíì fẹnu kò.