Powerman: Akọni Tí Wọ́n Yà fún Wa ní Ìlú Òyìnbó

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní iléèwé girama lọ́dún 1975, ǹjẹ́ ẹ rántí Powerman? Mo ní akọni dúdú tó ń fò lójú ọ̀run bí àwòdì, tó ń fi ọwọ́ lásán ṣẹ́ irin bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ìwé kọ́míìkì ni. Ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Nàìjíríà, Pikin Publications ló ń gbé e jáde. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìjẹ̀bú-Òde ṣì wà. Oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Owó Udoji ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, bàbá tí kì í fún ọmọ ní kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀rín yẹn la ti ń rí owó ìwé.

Kí ó tó dé, Spear la mọ̀, nínú African Film. Fọ́tò ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn. Atọ́ka náà wà, tó ń fi fọ́tò àti èdè Yorùbá sọ eré àwọn òṣèré wa. Ṣùgbọ́n Spear kò fò rí o! Ìgbà tí a rí ẹni dúdú bíi tiwa lókè òrùlé, tí kò di nǹkan kan mú, orí wa wú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáá ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa nígbà ìsinmi. Kò sí ohun tó lè mú Powerman àfi ejò. Bí ejò bá bù ú jẹ, agbára parí. Ẹ gbọ́ ná: àgbẹ̀ lásán tó ń lọ sóko ẹ̀gẹ́ níbí ti sín gbẹ́rẹ́ ejò kó tó kúrò nílé. Alágbára tó lè fò wá rí oníṣègùn kan kó sín tiẹ̀ fún un? Ọ̀rẹ́ mi kan ní àfi kó jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Àkàrà-ògùn tí Fágúnwà kọ lọ́dún 1938, ọdẹ ni baba rẹ̀, àjẹ́ ni ìyá rẹ̀. A mọ ibi tí agbára ti wá.

Ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já a. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé Don Avenell àti Norman Worker ló kọ ìtàn náà, àti pé Dave Gibbons àti Brian Bolland ló ń yà á. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Àwọn ayàwòrán méjèèjì kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n tilẹ̀ ń fi nọ́ńbà sára àwòrán kọ̀ọ̀kan kí a lè mọ èyí tó ṣíwájú, àfi bíi pé a kò ka ìwé rí. Inú bí mi díẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Gibbons ló wá ya Watchmen lọ́dún 1986. Bolland ló ya Batman nínú The Killing Joke lọ́dún 1988. Lára Powerman wa lọ́hùn-ún ni ọwọ́ wọn ti ń yá.

Ọdún 1988 yẹn kan náà ni wọ́n tún tẹ ìtàn náà ní Ìlú Ọba, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Powerbolt, nítorí ilé iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà ti ní Power Man tiwọn. Níbí ńkọ́? Mo wá a káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde, mo bi àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé, mo bi àwọn tí a jọ kàwé. Kò sí ẹyọ kan. Àwọn ìyá wa ti kó o fún aláàkàrà àti elẹ́pà tipẹ́tipẹ́, wọ́n fi pọ́n ọjà. Lọ́wọ́ àwọn tó ń kó kọ́míìkì jọ nílẹ̀ òkèèrè lèèyàn ti lè rí i báyìí, ìwé tí wọ́n ní tiwa ni!

Àgbà ọkùnrin sì ni Powerman. Àwa tó ń kà á ni ọ̀dọ́langba. Akọni tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa, a kò rí. Ọdún 2021 ni irú rẹ̀ dé ọwọ́ mi: Iyanu: Child of Wonder. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Èkó, ló kọ ọ́. Godwin Akpan, ọmọ Nàìjíríà náà, ló yà á. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ni Ìyanu, ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ tí wọ́n fi ọgbọ́n inú dá ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀, agbára ìgbàanì sì ń jí lára ọmọ náà. Lọ́dún 2025 ó ti dé orí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tó ní láti fi nọ́ńbà júwe ọ̀nà fún ọmọ-ọmọ mi. Ó ka tirẹ̀ tán láàárín ọjọ́ kan, ó ń bi mí ìtumọ̀ orúkọ inú rẹ̀.

Dark Horse, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ló tẹ ìyẹn náà o. Ẹ̀dà tó dé ilé wa, mo ti tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú àwọn ìwé ilẹ̀ wa.