Oore Àná ní Ìkẹjà àti Agége

Bí a bá dúpẹ́ oore àná, a ó rí òmíràn gbà. Ẹni tó wá dúpẹ́ ló sábà máa ń pa òwe yìí, bó ṣe ń kúnlẹ̀ tàbí bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ẹni tó wá kí á sì máa fọwọ́ gbé e dìde pé kò tọ́pẹ́. Àwọn àgbà kò fi òwe náà mọ sórí ìwà ọmọlúàbí. Èrè ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, wọn ò sì tijú láti sọ ọ́: ọpẹ́ ń mú nǹkan wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí nǹkan ọ̀hún ń gbà wọlé. Láyé òde òní, pàápàá ní agbègbè ilé-iṣẹ́ tó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége, ọ̀pọ̀ wa ló di ìparí òwe náà mú, tí a sì fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Oore ní ẹni tó ṣe é, àná sì ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ bí òwe yìí ṣe wí gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì lè sọ ohun tí onítọ̀hún ṣe. Ìdí rèé tí Yorùbá kì í fi í dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ó dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tún lọ sílé ẹni náà lọ sọ pé ẹ ṣeun àná. Bí a bá pàdé lọ́nà lọ́jọ́ kẹta, a ó tún mẹ́nu bà á. Ọpẹ́ Ọlọ́run kò gba ipò ìyẹn. Mùsùlùmí tó ní Alhamdulillah àti Kristẹni tó gbé ọrẹ ìdúpẹ́ lọ síwájú pẹpẹ ṣe ohun tó yẹ, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣì ní òwe mìíràn fún wọn: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èèyàn ni wọ́n kó lẹ́rù níbẹ̀, ọ̀dọ̀ èèyàn náà ló sì yẹ kí á padà lọ.

Ẹ wo bó ṣe ń rí nídìí búrẹ́dì. Ilé búrẹ́dì ní Agége kì í sùn lóru. Wọ́n á po ìyẹ̀fun, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀ títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì máa fà, wọ́n á gé e sínú páànù, wọ́n á tì í sínú ààrò. Ní ìdájí, àwọn obìnrin tó ń gbé e lọ sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ní Ọba Akran àti Ògbà ti dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mú owó dání. Àwìn ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á tà á fún àwọn tó ń jáde ní ṣíìfù alẹ́ àti àwọn tó ń wọlé ní ti àárọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn tàbí àkàrà. Èyí tó bá mọ iṣẹ́ náà nínú wọn kì í nawọ́ gba ti òní kó tó bá Alhaja tó ni ilé búrẹ́dì sọ̀rọ̀ àná. "Ẹ ṣeun àná o, Alhaja. Ó tà tán, àwọn ṣíìfù alẹ́ pọ̀. Owó yín rèé." Alhaja á ka owó náà, á ní, "Kò tọ́pẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ fi mẹ́wàá lé e lónìí."

Nínú gbólóhùn mẹ́ta yẹn, obìnrin náà ti jẹ́ kí Alhaja mọ̀ pé òun rántí gbèsè, pé ọjà náà ń lọ, àti pé òun mọ ibi tí òun ti rí i tà. Alhaja gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké. Kò sí àánú kankan nínú mẹ́wàá tó fi lé e. Ó ti dá a lójú pé owó rẹ̀ yóò wọlé ni. Bí òmíràn inú òwe ṣe ń dé nìyẹn: ọwọ́ èèyàn tó rí i pé a mọ rírì ohun tí òun ṣe ló ń gbà wá.

Oore tó ju ti búrẹ́dì lọ fíìfíì ló sọ Agége di ìlú olówó nígbà kan, ó sì yẹ kí orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo àwa tí à ń jẹun níbẹ̀. James Pinson Labulo Davies ni. Ní ọdún 1828 ni wọ́n bí i ní Sàró, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olókòwò ẹrú. Ó di ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, ó di oníṣòwò ńlá l'Ékòó. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay fẹ́ dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, Davies ló fún un ní £50 láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Ní 1862 ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó, ọmọbìnrin Yewa tí ogun Dàhòmì kó, tí Ọbabìnrin Victoria wá gbà bí ọmọ. Ní 1876 òwò rẹ̀ dojú dé, ó wọko gbèsè. Nígbà tó di 1880, ikọ́ ife pa aya rẹ̀ ní erékùṣù Madeira.

Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà yẹn. Àsìkò yẹn gan-an ló kọjú sí igbó Ìjọn, lápá Agége, tó bẹ̀rẹ̀ sí gbin kòkó. Ó rí èso gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ Brazil kan ní 1879, ó tún rí òmíràn láti erékùṣù Fernando Po ní 1880. Ní Ìjọn náà ló sì gbé òpó òkúta kan nàró ní ìrántí Sarah. Mo máa ń ronú lórí òpó yẹn gan-an. Ẹni tí ọ̀ràn bá dé bá tó báyìí lè jókòó ti ohun tó sọnù títí tí yóò fi kú, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Davies kọ ohun rere tó ti rí gbà sára òkúta, ó sì mú ọkọ́ nílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìrònú rere, oko Ìjọn ni màá kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Kòkó Ìjọn ṣe dáadáa. Davies kò sì fi ìmọ̀ náà pamọ́. Ó kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí oko tirẹ̀ wà ní Ìfàkò. Coker yìí kan náà wà lára àwọn aṣáájú tó dá ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901, ó sì wà nídìí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége, Agege Planters' Union, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ti òkè wá ṣe iṣẹ́ oko ní Agége. Wọ́n gba owó, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ mọ́ ọn: bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń fi ewé bò ó kó lè kan, bí wọ́n ṣe ń sá a. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, èso kòkó wà nínú ẹrù wọn. Àwọn ìránṣẹ́ ìjọ náà sì ń gbé e kiri bí wọ́n ṣe ń wàásù. Ọ̀kan pàtàkì nìyẹn nínú àwọn ọ̀nà tí kòkó gbà tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Davies kú ní 1906, kò rí ibi tó dé.

Ó dé Ìkẹjà. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkẹjà wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba ẹkùn náà láàárín 1954 sí 1959, kòkó ni òpómúléró owó tí wọ́n ń ná, òun ló sì fún wọn lágbára láti pèsè ilẹ̀, ọ̀nà, iná àti omi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fẹ́. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Cadbury, tí kòkó gan-an kọ́kọ́ gbé wá sí Nàìjíríà, ṣí ilé-iṣẹ́ ní Agídíńgbì ní 1965, ibẹ̀ ni Bournvita sì ti ń jáde. Kòkó tó ti oko Agége lọ sókè padà wá sí tòsí ilé, ó wà nínú agolo. Gbogbo ẹni tó ti gba owó oṣù rí ní agbègbè yìí ló jẹ nínú oore ọkùnrin tó wọko gbèsè yẹn.

Bí ẹ bá gba abẹ́ bíríìjì Ìkẹjà kọjá, ẹ ó rí àwọn tó ń ta ìwé lórí àtẹ. Ìwé Napoleon Hill, *Think and Grow Rich*, tó jáde ní 1937, kì í wọ́n níbẹ̀; ti Norman Vincent Peale tó jáde ní 1952 wà níbẹ̀, *The Secret* ti Rhonda Byrne ní 2006 náà ò gbẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ inú wọn ti wọ inú ìwàásù, ó ti wọ ìpàdé òwúrọ̀ àwọn tó ń polówó ọjà fún ilé-iṣẹ́: pé ọkàn ẹni ló ń fa ọrọ̀, pé kí á fojú inú rí mọ́tò tí a kò tíì rà, kí á dúpẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lápò. Mi ò bá ìrètí jà rárá. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin láti wọ ọkọ̀ wá sí Ìkẹjà nílò rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ohun tí mo ń bá ẹ̀kọ́ yìí wí fún ni pé ó gbé ọpẹ́ kúrò ní àná lọ sí ọ̀la, ó sì yọ èèyàn kúrò nínú rẹ̀ pátápátá.

Àwọn onímọ̀ ti dán ọ̀nà méjèèjì wò. Ní 2003, Robert Emmons àti Michael McCullough ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n ní kí àwọn kan máa kọ ohun tí kò ju márùn-ún lọ tí wọ́n lè dúpẹ́ fún sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí àwọn mìíràn máa kọ wàhálà wọn. Àwọn tó kọ ti ọpẹ́ ní ìtẹ́lọ́rùn jù, ìrètí wọn nípa ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ga jù, wọ́n tilẹ̀ ń ṣe eré ìdárayá jù. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n kọ, àná òwe wa. Ní Jámánì, Gabriele Oettingen àti Doris Mayer ṣe ìwádìí lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wá iṣẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2002. Àwọn tó ń fojú inú gbádùn iṣẹ́ tí wọn kò tíì rí ni kò rí iṣẹ́ tó bí ó ti yẹ lẹ́yìn ọdún méjì, owó wọn sì kéré. Àwọn tó gbà pé àwọn yóò rí iṣẹ́ torí ohun tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn ló ṣe dáadáa. Ìrètí tó fẹsẹ̀ tẹ àná ń gbéni dìde. Àlá tí kò tẹ nǹkan kan ń tẹ́ ọkàn lọ́rùn débi pé ara kò ní lọ mọ́. Ifá ti sọ èyí tipẹ́ nínú ẹsẹ kan, níbi tí gbogbo orí ti péjọ láìpe Ẹsẹ̀ tí yóò gbé wọn rìn, tí ìmọ̀ràn wọn kò sì ṣẹ.

Ọ̀nà kejì tí ọpẹ́ ń gbà mú ọrọ̀ wá tún wà, àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà sì mọ̀ ọ́n dunjú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró, bí Dunlop ṣe dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008, àwọn tó tètè ríṣẹ́ mìíràn nínú irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọn tí ẹnìkan pè lórí fóònù pé wọ́n ń gba èèyàn níbì kan. Onímọ̀ kan, Mark Granovetter, wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí nílùú kan ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní àwọn ọdún 1970. Ó lé ní ìdajì àwọn tó bi léèrè tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n mọ̀ ló júwe iṣẹ́ fún wọn, ojúlùmọ̀ tí wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí ló pọ̀ jù nínú àwọn ajúwe-iṣẹ́ náà. Ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọpẹ́ máa ń fò dá: ẹni tó júwe wa fún sùpáfáísọ̀ lọ́dún mélòó sẹ́yìn, ẹni tó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí a kò pè láti ìgbà náà.

Òwe náà ní ààlà, ó sì dùn mí pé àwọn kan ń fi í pa òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́. Òṣìṣẹ́ kázúà tó ti ń gbé ẹrù fún ọdún pípẹ́ láìní ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ yóò ní òun fẹ́ mọ ipò òun, wọ́n á ní kó dúpẹ́ pé ó tilẹ̀ níṣẹ́, ṣé kò rí i bí èèyàn ṣe pọ̀ lẹ́nu géètì. Oore ni òwe sọ. Owó iṣẹ́ kì í ṣe oore. Òógùn ojú ẹni tó ṣe é ni. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà náà sọ ọ́, ní abala keje, pé láàárín oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fún un ní ìwé tó sọ iye owó rẹ̀, irú iṣẹ́ rẹ̀ àti wákàtí tí yóò fi máa ṣe é. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ béèrè ìwé náà lè kọ́kọ́ kí ọ̀gá rẹ̀ pé ẹ ṣeun àná, sà, fún ọjọ́ tó fi mọ́tò gbé ọmọ òun lọ sí ọsibítù, kó kí i tinútinú, kó tó wá béèrè ìwé rẹ̀.